Ẹni tí Wọ́n Pè ní Abísínwín

Ìdààmú bá Ọdẹ́jìnmí ahunṣọ. Ìyàwó rẹ̀, Ọyáfúnmikẹ́, bímọ, ewu ìbímọ sì ré e kọjá, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, kò sì dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Àwọn àgbà ilé ní abísínwín ni, wèrè tí í kọlu obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n gba ọmọ fún alágbàtọ́, wọ́n ní kí Ọdẹ́jìnmí fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó dè é. Àwọn obìnrin tí ìbá wẹ̀ ẹ́ ní ẹni tó bá fọwọ́ kan abísínwín, tirẹ̀ ni yóò kàn.

Ọdẹ́jìnmí mú eéjì kún ẹẹ́ta, ó tọ Ẹfúnyẹmí lọ, arúgbó obìnrin tí ń fi owó ẹyọ wòye. Ó béèrè bóyá orí aya òun ti dàrú pátápátá.

Ẹfúnyẹmí ní, “Ẹnu ní ń ké, ibòmíràn ní ń dùn. Rú àgbébọ̀ adìyẹ kan, igbá omi gbígbóná kan, àti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o tú u, kí o sì wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.”

Ọdẹ́jìnmí rú adìyẹ, ó kọtí ọ̀gbọnyin sí ìyókù. Ta ló rí ọkùnrin tí ń wẹ ìyálọ́mọ? Ìtìjú ọkùnrin a máa wúwo ju ẹbọ lọ.

Nígbà tó yá, Ọyáfúnmikẹ́ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ba ọkọ rẹ̀ lẹ́rù ju ariwo lọ. Ó tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ó gbé omi kaná. Bí kànìnkànìn ti kan ọmú òsì, obìnrin náà ké. Ọmú náà le koko, ó gbóná bí ìkòkò orí ààrò: wàrà tó ti dí níbẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, tí ọmọ kò rí mu, ti di eéwo sínú. Ọdẹ́jìnmí sáré pe obìnrin tí ń la eéwo. Ó fi abẹ là á, ọyún dà, ibà tó da orí rẹ̀ rú rọlẹ̀, Ọyáfúnmikẹ́ sùn.

Nígbà tó jí, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun wá. Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ti dá àpá sí.

“Ọkọ mi, ta ni ó dè mí?”

“Èmi ni.”

Ọdẹ́jìnmí yin Ẹfúnyẹmí, Ẹfúnyẹmí yin òrìṣà. Wọ́n ní ẹni tó rúbọ a rí ire, ẹni tó kọ ẹbọ a kábàámọ̀. Ọdẹ́jìnmí ni àwọn méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ dàgbà, aṣọ rẹ̀ ń tà, ṣùgbọ́n bí aya rẹ̀ bá na ẹsẹ̀ jókòó, ibòmíràn ni ó máa ń wò.