Ilé Òkúta Tí Tove Gbá

Ìgbà wo gan-an ni Tove mọ̀ pé egungun èèyàn ni: kó tó mú ìgbálẹ̀ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ Fejhus, títí ìyá wa àgbà yìí fi wọlẹ̀ sùn, kò rí èsì rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Orm ni ọkọ rẹ̀. Orm, ọmọ atukọ̀-má-wẹ̀yìn, ọdẹ tí í pa ẹran òkun lójú ìgbì. Ìyàn ló lé e kúrò nílẹ̀ baba rẹ̀ tòun ti ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta. Kó tó ṣíkọ̀, ó lọ bá ìyá arúgbó afọ́jú kan tí í gbọ́ ohùn òkun. Ìyá náà ní, "Ibi tí ẹ bá ti bá ilé tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀dó sí. Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lórí omi, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Sune, ọmọ oṣù mẹ́ta tó wà láyà Tove, kò ké mọ́. Abiyamọ mọ̀ pé ọmọ tó ń ké kì í bani lẹ́rù tó èyí tó dákẹ́. Ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ aró. Tove ń gbé etí lé e nímú ṣáá, bóyá ó ṣì ń mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù tí kò ní igi kan. Lórí òkè ibẹ̀ ni òkúta ńláńlá wà, tí a tò bí ògiri, tí a fi òkúta tó tó ọkọ̀ méjì bò lórí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé ńṣe lèèyàn ń rá wọlé. Èjìká Orm há síbẹ̀. Ubbe, àbúrò rẹ̀, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹran tẹ́ ẹ dá jẹ ló ń gbẹ̀san yẹn." Ni wọ́n bá ní kí Tove, tó tín-ín-rín, lọ wò ó.

Ó rá wọlé tòun tọmọ. Inú rẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ ò dé ibẹ̀. Ó rí nǹkan funfun nílẹ̀, káàkiri. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé igi tí òkun gbé wá ni. Ó tún ní egungun ẹran ni. Ó di koríko gbígbẹ ní ìgbálẹ̀, ó sì gbá gbogbo rẹ̀ gba àlàfo ẹ̀yìn ilé sínú yìnyín. Nígbà tó kan ọ̀kan tó rí roboto, tó ní ihò ojú méjì, kò gbá ìyẹn. Ó fi aṣọ bò ó kó tó gbé e síta.

Orm béèrè láti ìta pé ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀. Tove wo Sune.

"Kò sẹ́nìkan, Bàbá Sune. Ẹ máa kó ẹrù bọ̀."

Lórí irọ́ yìí la tẹ ìlú wa dó.

Ara Sune móoru, ó mu ọmú, ó ké. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, yìnyín yọ́. Bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Halle ti èbúté kejì erékùṣù náà gun òkè wá. Ó rí ẹ̀yìn ilé. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa egungun sínú apẹ̀rẹ̀. Orm bi í pé kí ló sọ nù.

"Ìyá mi ni," ni Halle wí. "Ta ló gbá ìyá mi síta?"

Orm bẹ̀rẹ̀ sí í búra pé ilé ṣófo ni àwọn bá, pé ìyàwó òun kì í purọ́. Ìbúra yẹn ló ba Tove nínú jẹ́. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo gbá wọn, mo sì ní kò sẹ́nìkan."

Orm yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n di ẹrù, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá afọ́jú. Ṣùgbọ́n Halle ti ń wo ọmọ àyà Tove. Ó ní òkun ò ṣeé gbé ìkókó lé báyìí. Ó ní, "Ìwọ, wá bá mi ṣà á." Wọ́n jọ ṣà á títí oòrùn fi wọ̀.

Àwọn ará èbúté kejì ló sọ wá ní Fejhus, ìyẹn Ilé Tí A Gbá. Wọ́n fi bú wa ni, a sì gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, títí dòní, bí a bá kanlẹ̀kùn níbi tí kò ti séèyàn, a kì í ní kò sẹ́nìkan. Ohun tí à ń wí ni pé, "Wọ́n wà níbẹ̀, wọn ò dáhùn ni."

Tove ti hu ewú kí Halle tó kú. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé òkú náà wọ ilé òkúta ló rí i tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń rọra fọwọ́ ti egungun àwọn àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹni tuntun lè rí àyè. Ọmọbìnrin Halle ló wá sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìwáṣẹ̀, àti pé bí òtútù bá lé alààyè wọbẹ̀, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì sùn tì wọ́n.