Ọ̀pá Ọyárìndé ní Òdìkejì Odò

Ní abúlé Etí-Arọ̀, kò sí ẹni tó mọ igi bí Ọyárìndé. Òun ló gbẹ́ gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí odò Arọ̀, láti orí èyí tó ń kó iṣu títí dé orí àwọn kékeré tí àwọn obìnrin fi ń lọ wo ìgèrè ẹja wọn láàárọ̀. Nígbà tí ogbó dé, tí apá kò gbé àáké mọ́, ó mú ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù fún un, ó sì ń fi í tu èrò láti etí odò kan sí èkejì. Ẹni tó bá kọjá a fún un ní iṣu kan tàbí àgbàdo mẹ́ta, ó parí. Ènìyàn méjì péré ló wà nílé rẹ̀: òun fúnra rẹ̀ àti Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá bi í pé kí ló kù fún un láyé, ọmọ náà ni yóò nawọ́ sí, ọkọ̀ ni yóò tẹ̀ lé e.

Odò Arọ̀ dùn ún wò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi a fà, iyanrìn funfun a sì yọ ẹ̀yìn láàárín odò bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń wẹ̀. Àwọn ọmọdé a gun ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi a máa gbé wọn lọ sísàlẹ̀ odò, ìyá wọn a máa sáré tẹ̀ lé wọn létí omi pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa bẹ́ láti orí àpáta sínú ibú. Àwọn ará oko òkè náà a sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n a jókòó sábẹ́ igi, wọ́n a máa jẹ ẹja yíyan, wọ́n a máa wòran. Ní ọjọ́ kan láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ọmọ abúlé a lúwẹ̀ẹ́ láti èbúté dé orí iyanrìn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó yára jù. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Àwẹ̀ró ti fi àwọn ọkùnrin sẹ́yìn nínú eré yìí, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Gbádéró ni olórí àwọn ọ̀dọ́ nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í sinmi. Òun ló di ọ̀pọ̀lọ́ sínú àpò aáṣáà Ọyárìndé, tí bàbá náà fi fẹ́ fín ohun tó ń mí. Òun ló fi iyọ̀ sínú ẹ̀kọ mímu ìyá tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí àlejò pọ̀ létí odò, ó wẹ̀ lọ sábẹ́ omi, ó fi okùn gbọọrọ so ìdí ọkọ̀ Ọyárìndé mọ́ gbòǹgbò kan nísàlẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí iyanrìn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ọkọ̀ kún. Ọyárìndé fi àjẹ̀ ti ilẹ̀, ọkọ̀ lọ díẹ̀, ó dúró. Ó tù ú. Ọkọ̀ dúró. Ó tù ú títí òógùn fi ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sínú omi.

“Bàbá,” Gbádéró ké sí i láti orí iyanrìn, “ṣé ẹ ti ń rí òdìkejì lọ́ọ̀ọ́kán?”

Obìnrin kan nínú ọkọ̀ ní, “Bàbá, ẹ kúkú sọ̀ mí kalẹ̀ níbi tí ẹ ti gbé mi. Kò tíì jìnnà.”

Etí odò méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ará oko òkè rẹ́rìn-ín títí ẹja fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwẹ̀ró náà wà nínú omi, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ráyè fi ọwọ́ bò ó. Ọyárìndé rí i. Ẹ̀rín gbogbo èrò yẹn kò dùn ún tó ẹ̀rín kan ṣoṣo yìí.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí Gbádéró fi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. “A kò lè máa dúró de ọkọ̀ tí kì í kúrò lójú kan,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká gé igi arère tó wà nínú igbó etí odò, ká bì í lu odò, ká máa fi ẹsẹ̀ wa rìn kọjá.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Ibi tí arère yìí wà ni odò ti há jù, igi náà sì ga tó láti kan òdìkejì. Lápá òkè odò sí i, ní etí odò kan náà níbi tí igbó ti ṣí, ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kọ́ àtíbàbà wọn sí, níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu.

Àṣà kan sì wà ní Etí-Arọ̀ tó dàgbà ju baba Ọyárìndé lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gé igi ńlá, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn agégi ni yóò wò ó yípo, yóò sì lọ ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí orí igi yóò balẹ̀ sí. Wọ́n a so aṣọ funfun mọ́ ọ̀pá náà lórí. Ẹni tó bá ti rí i ti mọ ibi tí kò gbọdọ̀ dúró sí, ó sì ti mọ̀ pé kò séwu níbi yòókù. Ìyá lè tẹ́ ọmọ jòjòló sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pá náà kò parọ́ rí.

Wọ́n pe Ọyárìndé wá. Ìdí igi ni àwọn ọ̀dọ́ ń wò, ìdí igi náà sì tẹ̀ sí odò lóòótọ́. Ọyárìndé gbójú sókè. Ó rí i pé gbogbo ẹ̀ka tó wúwo ti tẹ̀ lé oòrùn lọ sápá òkè odò. Ó fi ẹ̀yìn àáké lu igi náà lápá kan, ó dún kó, kó. Ó lù ú lápá kejì, ó dún bí ìkòkò òfìfo.

“Kò ní wó lu odò,” ó ní. “Òkè odò ló ń lọ.”

Gbádéró wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. “Bàbá, ọkọ̀ yín lẹ ń gbèjà. Bí afárá bá wà, ta ni yóò fún yín níṣu?”

“Igi ni mò ń sọ, n kò sọ ti iṣu.”

“Ẹni tó tu ọkọ̀ títí tí kò mọ̀ pé òun ò kúrò lójú kan, òun ló fẹ́ sọ ibi tí igi ń lọ fún wa.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú Ọyárìndé ti gbéra láti orí igi náà, ó ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí igi yóò gbà wálẹ̀, ó sì balẹ̀ sórí àtíbàbà wọn gẹ́lẹ́. Ó wo ewé ọ̀pẹ tuntun tí wọ́n fi bò ó. Ó wo agbè ẹmu tó tò síbẹ̀. Ẹ̀rín kékeré kan gùn ún.

“Níbo lẹ fẹ́ kó wó sí?” ó bi wọ́n.

“Òdìkejì odò.”

“Kò burú. Lọ́la, n ó ri ọ̀pá mi sí òdìkejì.”

Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé gbogbo wọn ni yóò wà nídìí igi pẹ̀lú àáké lọ́wọ́, tí àtíbàbà yóò sì ṣófo. Ohun tó fẹ́ ni kí igi náà fọ́ agbè ẹmu wọn túútúú lójú gbogbo àlejò, kí Gbádéró sì dúró kí ayé fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀san ẹ̀fẹ̀ ni. Ó rò ó títí, ó ń dùn mọ́ ọn nínú bí oyin.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ti ń jẹun, Àwẹ̀ró ní, “Bàbá àgbà, ẹ má bínú. Ẹ̀rín ọjọ́sí yẹn, kò tinú mi wá.”

“Ẹ̀rín wo?” ni Ọyárìndé wí, bí ẹni tó ti gbàgbé. Ó bu òkèlè kan. “Lọ́la, má ṣe dúró sí ìdí igi.”

“Níbo ló máa wó sí?”

Ọyárìndé rò ó wò. Bí òun bá sọ fún un, Gbádéró á ti gbọ́ kílẹ̀ tó mọ́, nítorí ọmọ náà kì í lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ra.

“Wàá rí ọ̀pá mi,” ó ní.

“Ó ti tán nìyẹn,” ni Àwẹ̀ró wí, ó sì kó àwo kúrò nílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, èrò kún etí odò. Ọyárìndé tu ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, ó ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní òdìkejì, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn rí i. Àwọn ìyá tó wà ní òdìkejì kó ọmọ wọn sọdá. Ọyárìndé fúnra rẹ̀ lọ jókòó sórí òkúta kan nítòsí ọ̀pá náà bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ. Wọ́n rò pé ó gbójú ni. Òun mọ̀ pé igi kankan kò ní débẹ̀.

Àáké bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó rí orí Àwẹ̀ró nínú omi lọ́nà jíjìn, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi iyanrìn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó wo àtíbàbà, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ tún balẹ̀. Ó wá kọjú sí àáké, ó ń ka bí wọ́n ṣe ń wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Nígbà tó tún bojú wo àtíbàbà, aṣọ aláró kan ti wà lórí òpó rẹ̀, tó ń kán omi. Ó mọ aṣọ náà. Òun ló mú un bọ̀ wálé fún ọmọ náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ borí nínú eré ìlúwẹ̀ẹ́. Àwẹ̀ró ti gòkè nínú omi, òtútù mú un, ó sì wá ibi tí yóò sinmi sí. Wọ́n ní kó má dúró sí ìdí igi, ó jìnnà sí ìdí igi. Ó wo ibi tí ọ̀pá wà, ó jìnnà sí i pẹ̀lú. Ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un.

Ọyárìndé fò dìde. “Àwẹ̀ró! Jáde níbẹ̀!”

Omi ń hó lórí àpáta, àáké ń dún. Gbádéró rí i tó ń fò sókè sódò ní òdìkejì. “Ẹ wò ó,” ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, “ó ti ń sunkún ọkọ̀ rẹ̀.” Wọ́n tún gbé àáké sókè.

Àwẹ̀ró gbọ́ orúkọ rẹ̀ fírífírí. Ó jáde sí iwájú àtíbàbà, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ó rí bàbá àgbà rẹ̀ tó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ó wo ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó jìnnà sí òun. Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i padà, ó sì dúró síbẹ̀ kó lè wòran dáadáa.

Ọyárìndé fa ọ̀pá náà tu, ó sọ ọ́ sínú odò.

Igi náà kọ́kọ́ tẹ̀ sí odò díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí i. Lẹ́yìn náà ó yí orí padà.

Kí Ọyárìndé tó tu ọkọ̀ kọjá, wọ́n ti ń gé ẹ̀ka kúrò lára ọmọ náà. Ó wà láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò ṣe é wò. Ẹmu ń ṣàn nínú ewé ọ̀pẹ, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbádéró dúró pẹ̀lú àáké lọ́wọ́.

“Bàbá, lánàá ẹ sọ fún wa pé òkè odò ló ń lọ.”

“Ẹ kò gbà.”

“A kò gbà, nítorí a kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀, ẹ sì lọ ri ọ̀pá sí òdìkejì.” Ó ju àáké náà sílẹ̀. “Àwa la gégi, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó máa wó sí.”

Ọyárìndé kúnlẹ̀ ti Àwẹ̀ró, ó ń fi ọwọ́ ṣa ewé kúrò lára rẹ̀.

Àwọn tó ń to eegun ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà gbẹ láti orúnkún sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, iyanrìn yọ, àwọn ọmọdé gun ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ eré ìlúwẹ̀ẹ́, Ọyárìndé gbé Àwẹ̀ró sínú ọkọ̀ kó lè wò wọ́n. Wọ́n dé àárín odò.

“Bàbá àgbà,” ọmọ náà ní, “ṣé ẹ mọ̀?”

Ọyárìndé ń tu ọkọ̀. Kò sí okùn kankan nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé kò kúrò lójú kan.

“Mo mọ̀,” ó ní.

Àwẹ̀ró kọjú sí omi. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní Bàbá àgbà mọ́. Bó bá fẹ́ sọdá, a tiro dé èbúté, a ní, “Ọlọ́kọ̀, ẹ gbé mi kọjá,” gẹ́gẹ́ bí gbogbo èrò yòókù ṣe ń wí.

Igi arère náà jẹrà síbi tó wó sí, kò sì sẹ́ni tó tún ri ọ̀pá fún igi ní Etí-Arọ̀ mọ́. Níbòmíràn, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí yin ọgbọ́n àgbà. Ní etí odò Arọ̀, ẹ̀sùn ni, àgbà tó bá sì gbọ́ ọ a sorí kọ́, nítorí ẹnu Gbádéró ni wọ́n ti gbà á, tó fi dòwe títí dòní pé: bí ọmọdé bá gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí.