Àwẹ̀ró, Ọkọ Rẹ̀ àti Katakata Tó Wọ Àkùrọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọyèkúnlé Láníhùn fi wa ọkọ̀ ojú irin. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, kò bá a gbé ìlú ńlá. Abà Olókùúta ní Òkè-Ògùn ni obìnrin náà wà, lórí ilẹ̀ éékà mẹ́rìnlá tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ń gbin iṣu àti gbágùúdá sápá òkè, ó ń gbin ẹ̀fọ́ àti ata sí àkùrọ̀ tó wà létí odò, ó sì ń tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Tọ́lání, títí ọmọ náà fi lọ sílé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré lọ́dún ni Ọyèkúnlé ń wálé.

Ọyèkúnlé kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sọ. Ohun tó mọ̀ ni kó ra nǹkan bọ̀, nǹkan ọ̀hún a sì máa tóbi ju èyí tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ. Bí Àwẹ̀ró bá ní kó bá òun ra ìkòkò, èyí tó lè se oúnjẹ ìgbéyàwó ni yóò gbé dé. Bí ó bá ní agboòrùn, èyí tí ènìyàn mẹ́rin lè sá sábẹ́ rẹ̀ ni. Àwẹ̀ró kì í ráhùn. Yóò kúnlẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò wá máa yá gbogbo abà ní ìkòkò náà. Ó mọ̀ pé ọ̀nà tí ọkọ òun ń gbà sọ pé àárò òun ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ọdún tí Ọyèkúnlé fẹ̀yìntì, tó darí wálé pátápátá, ọdún náà gan-an ni orúnkún Àwẹ̀ró yarí. Dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó ní kò gbọdọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọ ebè. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọkọ́ rẹ̀ tó wà lára ògiri títí oúnjẹ fi tutù níwájú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rí i. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi sọ pé òun yóò mú nínú owó ìfẹ̀yìntì òun, òun yóò fi ra katakata.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "o ti roko yìí tó. Ó ku èmi àti ẹ́ńjìnnì."

Wọ́n jọ lọ sí Ṣakí, sí ọgbà ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rájí, tó ń ta katakata. Mẹ́ta tuntun ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èkíní kéré bí ewúrẹ́ láàrin màlúù. Èkejì kò tóbi, kò sì kéré. Rájí ní agbára rẹ̀ tó ti àádọ́ta ẹṣin. Ẹ̀kẹta ga, ó pupa, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju Àwẹ̀ró lọ, agbára rẹ̀ sì tó ti ọgọ́fà ẹṣin. Iwájú ẹ̀kẹta yìí ni Ọyèkúnlé dúró sí, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n mú ìyàwó tuntun wá fún.

Olóòótọ́ ọlọ́jà ni Rájí. Ó béèrè bí ilẹ̀ wọn ṣe tóbi tó, bóyá igi wà nínú rẹ̀, bóyá òkúta wà níbẹ̀, bóyá ó ní ibi tí omi máa ń dúró sí. Ọyèkúnlé dáhùn èyí àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára katakata pupa náà. Àwẹ̀ró ló dáhùn àwọn tó kù. Ó ní igi igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú, mẹ́jọ, àti igi ẹmi tí wọ́n fi ń ṣe òrí, mẹ́ta, wà láàrin oko, tí àwọn kò gé, pé òkúta wà lápá òkè, pé éékà méjì nísàlẹ̀ jẹ́ àkùrọ̀. Rájí mi orí. Ó ní pẹ̀lú ohun tí ìyá sọ yìí, èyí tó wà láàrin ló bá oko wọn mu. Ó ní kékeré yóò dákú lórí òkúta. Ńlá náà wúwo púpọ̀, àwọn tó ní ọgọ́rùn-ún éékà tí kò ní kùkùté kan ló wà fún.

Ọyèkúnlé rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ti fi irin fa ogún àgbá epo gòkè kì í sá fún irin.

Àwẹ̀ró kò bá ọkọ rẹ̀ jiyàn níwájú ọlọ́jà. Ìgbà tí wọ́n ń padà sílé ló rọra dá a lábàá pé kí wọ́n bẹ Rájí kó gbé ńlá àti èyí tó wà láàrin wá sí Olókùúta, kí oko fúnra rẹ̀ rí wọn kí wọ́n tó sanwó. Ọyèkúnlé gbà kíákíá, nítorí ó dá a lójú pé bí abà bá ti rí èyí ńlá, kò sí ẹni tí yóò tún wo èkejì. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i, Rájí náà gbà. Ó ní òun yóò gbé ńlá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun yóò sì gbé èkejì wá lọ́jọ́bọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi máa pé, òjò kẹta ọdún náà ti rọ̀ kọjá, ó ti pé ọjọ́ márùn-ún. Gbogbo abà jáde. Ọyèkúnlé wọ bàtà aláwọ tó fi ń ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ ojú irin, ó gun katakata, ó ní òun fúnra òun ni yóò wà á. Lápá òkè, iṣẹ́ náà dùn ún wò. Kí ènìyàn tó jẹ àgbàdo sísun kan tán, ó ti tú ilẹ̀ tí Àwẹ̀ró máa ń fi ọjọ́ mẹ́rin kọ. Bàbá Àkànmú, olórí àwọn àgbẹ̀ abà náà, pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí àwọn igi, katakata kò rí ibi yí sí. Ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, tó ìgbà mẹ́rin, irin ìtúlẹ̀ sì bó èèpo igi igbá kan. Ọyèkúnlé sọ láti òkè pé kò burú, àwọn yóò gé igi mẹ́rin kúrò. Àwẹ̀ró rìn lọ sídìí igi náà, ó gbé ọwọ́ lé ibi tó bó. Abẹ́ rẹ̀ ni òun àti ìyá Ọyèkúnlé jọ máa ń jókòó ṣa igbá kí ìyá náà tó kú. Ọkọ rẹ̀ rí ọwọ́ rẹ̀ lára igi. Ó gbójú kúrò, kò sì tún sọ̀rọ̀ igi gígé mọ́.

Ó darí sí àkùrọ̀.

Ojú àkùrọ̀ ti gbẹ. Oòrùn ti pa á fún ọjọ́ márùn-ún, ilẹ̀ ti sán káàkiri, ó funfun bí eérú. Láti orí katakata, ó rí bí ojú ọ̀nà. Àwẹ̀ró bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn níwájú katakata, díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, títí ó fi dé ibì kan tí kò yàtọ̀ sí ibòmíràn lójú ẹnikẹ́ni. Ó dúró níbẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ọyèkúnlé dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù, ó bi í pé kí ló dé.

"Ó rọ̀ níhìn-ín, Bàbá Tọ́lání."

"Ilẹ̀ tó gbẹ tó sán yìí? Mo ń wò ó láti òkè, Àwẹ̀ró. Ojú mi kò tíì fọ́."

Àwẹ̀ró sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ rẹ̀ kó katakata sí gíà, ó sì kọjá lára rẹ̀.

Kò lọ jìnnà. Táyà iwájú ló kọ́kọ́ wọlẹ̀, bí màlúù tó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, tí ó ń yí lójú kan, tí ó ń ta ẹrẹ̀ dúdú sókè. Rájí ń pè é pé kó pa á, ariwo kò jẹ́ kó gbọ́. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ ojú irin títí ni. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni pé bí ẹrù bá wúwo, kí a fún ẹ́ńjìnnì ní agbára sí i. Ó ń fún un, irin náà sì ń rì. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀gbẹ́ sí ọ̀nà odò. Táyà kan ti ń gbéra kúrò nílẹ̀.

Àwọn ọkùnrin dúró sétí ilẹ̀ líle. Kò sí èyí tó mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Àwẹ̀ró ló wọ inú ẹrẹ̀ náà. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó tẹ ibí, ó yẹ ọ̀hún, ó sì fi ẹsẹ̀ tí dókítà ní kó tọ́jú gun àtẹ̀gùn katakata. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó gbé ẹnu sí i létí.

"Ẹ pa á."

Ó pa á. Gbogbo àkùrọ̀ dákẹ́. Irin náà dúró bó ṣe dẹ̀gbẹ́, kò wó.

Ọyèkúnlé wo ìyàwó rẹ̀. Ẹrẹ̀ bò ó dé itan, ẹsẹ̀ náà sì ń gbọ̀n. Ó hàn pé kò ní lè rìn padà. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà aláwọ rẹ̀ méjèèjì, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Gun ẹ̀yìn mi," ó ní.

"Níwájú gbogbo ènìyàn?"

"Níwájú wọn náà ni."

Bí ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ṣe pọn ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní etí àkùrọ̀ ń rẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin kan sì ń nu ojú wọn. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ dé orúnkún. Àwẹ̀ró di ọrùn rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ sọ́nà ní ohùn kékeré. Ó ní kó tẹ ìdí koríko, kó má tẹ ibi tó funfun. Ó ní kó yà sọ́tùn-ún. Ó ní kó sinmi. Ibi tó bá ní kó tẹ̀, ilẹ̀ a gbà á. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ilẹ̀ líle, Ọyèkúnlé dúró, ó ń mí gúlegúle.

"Báwo lo ṣe ń rí i?" ó béèrè. "Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí lójú mi."

"N kò rí i," Àwẹ̀ró dá a lóhùn lẹ́yìn rẹ̀. "Mo ti rìn ín ni. Ẹsẹ̀ ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ojú kò mọ̀ ọ́n."

Bàbá Àkànmú ti na ọwọ́ sí wọn láti etí ilẹ̀ líle, ó sì gbọ́. Ó gba Àwẹ̀ró sílẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ sínú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ oyin wò.

Ọ̀sán ọjọ́ náà kò rọrùn. Wọ́n gé ọparun, wọ́n kó pákó wá, wọ́n so okùn mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù Rájí, ogún ọkùnrin sì ti katakata náà kó tó jáde. Ọyèkúnlé bẹ Rájí. Rájí ní ẹrẹ̀ kì í pa irin, omi yóò fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ tán, Ọyèkúnlé fúnra rẹ̀ gbé omi kaná, ó fọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó sì fi òrí pa orúnkún náà. Nígbà tó dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó dúró. Ó le, ó sì kún fún àpá kéékèèké, àpá òkúta, àpá ẹ̀gún, àpá kùkùté.

"N kò wo ẹsẹ̀ yìí rí," ó ní.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó ní kò pẹ́ nílé tó rí láti wò ó.

Nígbà tí Rájí gbé katakata kejì dé lọ́jọ́bọ̀, Ọyèkúnlé kò sáré gùn ún. Ó bọ́ bàtà, ó kó ẹ̀ka igi sápá, ó sì tẹ̀ lé Àwẹ̀ró káàkiri àkùrọ̀. Ibi tí obìnrin náà bá ti fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tó sì mi orí pé ó rọ̀, ọkọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, kó tó ri ẹ̀ka kan mọ́ ibẹ̀. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́jì, Àwẹ̀ró sì dá a padà. Katakata náà túlẹ̀ láàrin àwọn ẹ̀ka, kò rì. Ó yí po láàrin igi igbá àti igi ẹmi, kò kan èèpo kankan. Lápá òkè, kò yára tó ti ńlá, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí, iṣẹ́ tó ṣe ti tó wọn. Wọ́n sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ya abà lẹ́nu jù ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ìjókòó katakata kò béèrè pé kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà Ọyèkúnlé kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní wíwà rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àkókò gbíngbìn tó, Àwẹ̀ró ló jókòó sókè, tó ń wa irin tuntun gba inú oko kọjá. Ọkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn níwájú rẹ̀, tó ń tẹ ilẹ̀ wò.

Bàbá Àkànmú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó gbọ́ létí àkùrọ̀ mọ sí Olókùúta. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ilẹ̀ tó wò láti ojú ọ̀nà, tàbí tó fẹ́ fi ìrísí yan iṣẹ́ tàbí ọ̀rẹ́, láì bi ẹni tó ti wà níbẹ̀ rí, bàbá náà a ròyìn Àwẹ̀ró àti ọkọ rẹ̀ fún un. Àwọn tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, abà dé abà, títí ó fi di ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn títí dòní, pé ẹsẹ̀ ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀; ojú kò mọ̀ ọ́n.