Ọ̀já Sányán Màmá Awẹ́ró

Nígbà tí ìjọ Àgùdà fìdí múlẹ̀ ní ìlú Òkè-Òwú, kò sí aránṣọ tó mọ abẹ́rẹ́ í lò bí Ìbídùn. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, bẹ́ẹ̀ àpótí aṣọ mẹ́ta ló kún yàrá rẹ̀: àrán, dàmáàsìkì, àti ṣẹ́dà tó ń dán bí ojú omi. Kò sí àgbà obìnrin tí aṣọ rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Òun ni Fadá Bàsílì ránṣẹ́ pè ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Àjíǹde. Òyìnbó arúgbó ni Fadá, ó ti lo ogójì ọdún ní ìlú náà, àìsàn sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ó na ẹ̀wù ìsìn rẹ̀ sí Ìbídùn. Ṣẹ́dà aláwọ̀ wúrà ni nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ó ti ṣá, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Eku ti jẹ ẹ́ léjìká.

“Láyé ọjọ́un, lábúlé wa lókè òkun,” ni Fadá wí, “ayaba kan bọ́ aṣọ ìgúnwà rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi rán ẹ̀wù àlùfáà. Ó ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún. Àwọn èèyàn mi ló fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń bọ̀ níbí. Mísà Àjíǹde yìí ni màá ṣe kẹ́yìn. Ọmọ mi, ṣé ó ṣeé tún ṣe?”

“Ó ṣeé ṣe, Fadá,” ni Ìbídùn dáhùn, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó délé, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó lẹ ṣẹ́dà tuntun mọ́ ọn, ó ń kọ mànà lára aṣọ arúgbó náà. Ó fi dàmáàsìkì dán an wò, ó le jù. Bó ti fa òwú ni etí ihò náà tún ya sí i. Ó tú àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀, kò rí ẹyọ kan tó bá a mu. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti fẹ̀ dé ẹ̀yìn. Ìbídùn jókòó sáàárín aṣọ, ó bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ ni Màmá Awẹ́ró, opó tó ń gbé ilé kejì, tí wọ́n ń fi orúkọ òun fúnra rẹ̀ pè, bá a. Ó fọwọ́ pa ẹ̀wù náà títí.

“Ọmọ mi, aṣọ tó ti darúgbó, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wá.”

Ó lọ sílé, ó gbé ẹrù àkísà kan dé. Ó yọ àkísà ẹ̀tù kúrò, ó yọ ti kíjìpá, ó wá fa sányán gbọọrọ kan jáde láti ìsàlẹ̀. Òwú kòkòrò inú igbó ni sányán, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ṣẹ́dà. Èyí sì ti di fífọ̀ títí ó fi rọ̀ jọ̀jọ̀. Ìbídùn tẹ́ ẹ lé ẹ̀wù náà, kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

“Màmá, aṣọ kí lèyí?”

“Ọ̀já tí mo fi pọn Dúrósinmí ni.” Ohùn arúgbó náà wálẹ̀. “Òun nìkan ni mo bí. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi lọ. Ọdọọdún ni mò ń fọ̀ ọ́.”

Ìbídùn sọ àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mi ò lè gé e.”

“Gbé e fún mi.” Màmá gba àlùmọ́gàjí náà, ó gé e gún régé. “Ẹ̀yìn mi ò tún pọn ọmọ mọ́. Jẹ́ kó pọn Fadá.”

Lọ́jọ́ Àjíǹde, Fadá gbé apá sókè níwájú pẹpẹ, aṣọ náà kò ya. Nígbà tí Mísà parí, ó rọra rìn wá síbi tí Màmá jókòó sí.

“Ìbídùn ti sọ fún mi. Kí lorúkọ ọmọ náà?”

“Dúrósinmí ni, Fadá.”

“Dúrósinmí,” ni Fadá pè é, ó tún un pè. Ó mú ọwọ́ Màmá, ó gbé e lé èjìká rẹ̀, lórí sányán náà. Ó ti pẹ́ tí Màmá ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ní ìta, àwọn obìnrin ìjọ yí Ìbídùn ká, wọ́n ń kí i pé àpótí aṣọ rẹ̀ ló kó wọn yọ. Ó mi orí.

“Ẹ̀yin ìyá mi, mo láṣọ tó Màmá, bóyá mo tiẹ̀ jù wọ́n lọ. Àkísà Màmá ni mi ò ní.”

Ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu wọn bọ́ sẹ́nu ará ìlú, ó sì di ohun tí àwọn àgbà ń pa lówe títí dòní pé, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.