Àkísà Abẹ́ Ìjókòó

Kò sí ohun tí Jọ́láadé ò rà kó tó gun alùpùpù ńlá rẹ̀ kúrò n'Íbàdàn lọ sí Gáná: akoto tó ń dán bíi dígí, ìbọ̀wọ́ awọ, àpò ẹrù mẹ́ta. Ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀gá dé. Ó rí alùpùpù Bàbá Ọdẹ́yalé, àgbà inú wọn, tí àkísà yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

“Bàbá, ṣé alùpùpù lẹ gùn ni àbí ààtàn?”

Bàbá ṣáná sí alùpùpù rẹ̀, gbogbo wọn sì gbéra.

Nígbà tí wọ́n détí odò, àgbàrá ti gbé afárá lọ. Àwọn ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi àkísà dí ihò èéfín kí omi má baà wọlé, wọ́n sì ń ti alùpùpù wọn gba inú omi kọjá. Jọ́láadé tú àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò rí àkísà kankan.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní díẹ̀ nínú tiyín.”

“Ọmọ mi, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ààtàn ló ni ín.”

Bàbá bọ́ sómi. Jọ́láadé wò wọ́n títí wọ́n fi gòkè odò. Ó wá bọ́ ẹ̀wù tuntun tí wọ́n kọ “Ọba Ojú Pópó” sí láyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya, láti orí “Ọba.”