Okùn Ṣíttù Ajórin

Olóyè Fágbàmígbé gbé ṣaasí, egungun irin mọ́tò eré-ìje tí Akínlàbí ọmọ rẹ̀ kú sínú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ṣíttù ajórin, ó ní: "Kí oòrùn tó wọ̀, kí irin yìí tọ́ bí ẹni pé kò kọlu igi rí. Bí mo bá rí àpá kan ṣoṣo, kó ẹrù rẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi." Ṣíttù dọ̀bálẹ̀, ó mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. "Bàbá, a kì í lu irin láìtíì fi okùn wọ̀n ọ́n láti igun dé igun. Ẹ bá mi di orí okùn kan mú níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Kò gbọdọ̀ gbọ̀n o." Olóyè dì í mú. "Ó ń gbọ̀n, Bàbá." "Ọwọ́ tìrẹ ló ń gbọ̀n, aláìmoore!" "Mo ti so tèmi mọ́ irin, sà." Olóyè wo okùn náà títí oòrùn fi wọ̀. "Ó di ọ̀la," ló wí. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta, okùn ṣì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pé ọdún méjì báyìí, Ṣíttù kò tíì lu irin náà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí àwọn ẹbí bi Olóyè pé ìgbà wo ni yóò lé ajórin yìí lọ, ó ní: "Bí mo bá lé e, ta ni yóò sọ fún mi nígbà tí okùn bá dúró láìgbọ̀n mọ́?"