Ẹkún Tó Di Iyọ̀

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹkún ń dà, kò sẹ́ni tó kú. Kí ni o?"

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Àṣàbí, yọ ìka lẹ́nu. Àlọ́ mi fò, ó fò, ó bà lé ojú Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó tọ́ ibẹ̀ wò.

Ọdún méje ni Ẹtu fi wà nínú igbó tí kò rọ́mọ bí. Lọ́dún kẹjọ, ó bí abo kan. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ, iyọ̀ sì gbọ́dọ̀ kan ọmọ lẹ́nu kí ayé rẹ̀ lè dùn. Láyé ìgbà yẹn, bí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ náà láìsí iyọ̀, ọmọ ò lórúkọ mọ́ láéláé. Iyọ̀ sì ti tán ní gbogbo igbó. Ẹtu ò lè jẹun. Ó kàn ń lá ọmọ rẹ̀ lórí ṣáá.

Ìjàpá bá dìde. "Ẹ rán mi. Ẹni tó ń sáré ní í da iyọ̀ nù. Èmi kì í sáré."

Erin, àgbà igbó, wò ó títí. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tọ́ ọ wò kí o tó gbà á, kí wọ́n má lọ di yanrìn fún wa."

"Mo gbọ́, bàbá."

Akàn ló ń se iyọ̀ létí òkun. Ó di ìdì kan sínú ewé fún un. Ìjàpá tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Akàn ní, "Bàbá, ẹ rọra o. Iyọ̀ tó bá wọnú ara kì í gbé ibẹ̀ jókòó. Omi ni yóò máa bèèrè, yóò sì wá ọ̀nà jáde."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní iyọ̀ jíjẹ?"

Ìjàpá dé ìdí ọ̀pẹ kan, ó dúró. "Wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò. Wọn ò sọ iye ìgbà." Ó tọ́ ọ wò. Ó rìn díẹ̀, ó tún tọ́ ọ wò, bóyá ó ti yí padà. Nígbà tó máa fi sún mọ́ ilé, ewé nìkan ló kù. Ó lá ewé náà, ó sì jẹ ẹ́, torí ọmọlúàbí kì í da ìdọ̀tí sójú ọ̀nà.

Ó dé, àwọn ẹranko ní, "Iyọ̀ dà?"

"Olè dá mi lọ́nà. Ẹ fún mi lómi ná."

Ó mu igbá kan. Ó mu ìkejì. Ó gbé omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ̀ fún ọmọ, ó mu ún tán. Òùngbẹ ò lọ. Oòrùn ń wọ̀. Ẹtu wó lulẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Mo gbé o! Ọmọ mi ò ní lórúkọ!"

Ni omi bá ń dà lójú Ìjàpá náà. Àwọn kan ń fi òógùn lé iyọ̀ jáde, àwọn kan ń tọ̀ ọ́ dànù. Ìjàpá kì í làágùn. Ojú rẹ̀ ni iyọ̀ rí gbà.

"Háà! Ìjàpá láàánú o!"

Ìjàpá ní, "Mo ń bá a kẹ́dùn ni."

Labalábá bà lé e lójú, ó tọ́ ọ wò. "Yéè! Iyọ̀ rèé o!"

Gbogbo ẹranko yíjú sí Ìjàpá.

Erin ní, "Ìjàpá, ṣé ojú rẹ ni olè náà ń gbé?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n tọ́ ọ wò."

Kò sáyè àtilu ẹnikẹ́ni. Erin gbé e sókè tìgbátìgbá, ó gbé e kọ́ orí ọmọ. "Sunkún."

"Bàbá, ó ti tán."

"Sunkún!"

Ẹ̀kán kan bọ́ sí ọmọ náà lẹ́nu. Ó lá a, ó sì rẹ́rìn-ín. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan orí igi ni. Ẹtu fò sókè. "Ẹkúndayọ̀! Ẹkúndayọ̀ lorúkọ rẹ̀! Ẹkún di iyọ̀, iyọ̀ di ayọ̀!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti bú Ìjàpá.

Ṣùgbọ́n òùngbẹ ò gbàgbé rẹ̀. Ó lé e títí dé ọ̀dọ̀ Akàn.

"Omi! Ẹ gbà mí, omi!"

Akàn nawọ́ sí òkun. "Omi pọ̀ níbí, bàbá. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò.

Bó ṣe ń mu ún ni òùngbẹ ń pọ̀ sí i, inú òkun ló sì wà títí dòní. Àwọn ọmọ tó ti bí tẹ́lẹ̀ ló wà nínú igbó lọ́dọ̀ Yánníbo. Ìdí nìyí tí ìjàpá inú òkun fi máa ń da omijé bó bá gòkè wá yé ẹyin, tí labalábá sì máa ń bà lé ìjàpá lójú. Ẹ má kí i kú ọ̀fọ̀. Iyọ̀ ló ń dà nù.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi gbé e dé nìyẹn. Bí mo bá purọ́ níbẹ̀, kí ọbẹ̀ mi ó tẹ́ títí ọdún yóò fi yí.